Kí A Tó Mú Skúrù Le Ni Awò Ìbọn Ti Ń Gbọgbẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o, ẹ sì kú akitiyan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa láàyè nínú ìwé ìròyìn yín nítorí àwọn ọdẹ tó ń kà á lókè òkun, pàápàá àwọn ará wa ní Texas àti Georgia tí wọ́n ń dọdẹ àgbọ̀nrín àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó, àti àwọn tó ń fi ìbọn atẹ́gùn yin eku àti ẹyẹlé lóko olóko nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìmọ̀ràn kan wà tí ọdẹ ń fi lé ọdẹ lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ de awò, ìyẹn ọ̀pá onígíláàsì tí a fi ń wo ohun tó jìnnà, mọ́ ìbọn, kó lẹ téèpù dúdú tí àwọn oníwáyà iná ń lò sínú òrùka méjèèjì tó ń di awò mú, kí òrùka má baà ha awò. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Àtè ẹ̀yìn téèpù yẹn máa ń yọ́ bí oòrùn bá mú un nínú ọkọ̀, á sì di yíyọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Rọ́bà rẹ̀ ń fún pọ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà skúrù tó le lónìí á dẹ̀ tó bá yá. Ìbọn á ta sẹ́yìn, awò á yọ̀ nínú òrùka, ìlà gígùn á sì fà sí i lára láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ohun tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ fún gan-an ni kò dènà, nítorí pé kì í sábà jẹ́ ìgbà tí a bá ń mú skúrù le ni awò ń gbọgbẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ti gbọgbẹ́ kí a tó mú skúrù le.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yéni, ẹ jẹ́ ká wo awọ ara awò fúnra rẹ̀. Alumíníọ̀mù ni ọ̀pá awò tó pọ̀ jù lọ lóde òní. Dúdú tí a ń rí lára rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ọ̀dà. Wọ́n ri ọ̀pá náà sínú omi ásíìdì, wọ́n fi iná mànàmáná sí i, ojú alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀ sì di èèpo líle, lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ ẹ́ láró dúdú. Èèpo yìí le gan-an, irú èròjà kan náà ni wọ́n fi ń ṣe yanrìn ojú sánpépà. Ṣùgbọ́n kò nípọn. Kì í sábà ju 0.05 mm lọ, ìyẹn nǹkan bí ìdajì ìnípọn bébà kan, irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì rọ̀. Èèpo ẹyin ló jọ. Ẹ lè di ẹyin mú gírígírí ní àtẹ́lẹwọ́ kó má fọ́, ṣùgbọ́n bí etí ṣíbí bá kàn án lójú kan ṣoṣo, ó tán. Ibi tí èèpo awò bá ti ya, funfun á yọ, kò sì ní padà di dúdú fúnra rẹ̀.

Bí ọdẹ ṣe ń ka ipasẹ̀ ẹran, bẹ́ẹ̀ náà ni a ń ka ara awò àlòkù. Bí ẹ bá rí ìlà funfun tín-ín-rín tó tẹ̀ bí oṣù tuntun, etí òrùka tó mú ló ṣe é, nígbà tí wọ́n ń gbé awò sílẹ̀ tàbí tí òrùka méjèèjì kò bára wọn mu. Bí ó bá jẹ́ ìlà wẹ́wẹ́ tó pọ̀, tó sún mọ́ra, tó sì yí ọ̀pá po, iyanrìn tàbí ìdọ̀tí irin wà nínú òrùka nígbà tí wọ́n ń yí awò kó lè dúró ṣánṣán. Ìlà tó gùn láti iwájú sẹ́yìn, awò ló yọ̀ nígbà tí ìbọn ta. Ibi tó bá tẹ̀ wọnú, ẹnìkan ló lo agbára jù. Èyí tó ṣẹ́ kọ́rọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùka, tó sì jìn, sikudíráfà ló yọ̀ lórí skúrù. Nínú márààrùn-ún yìí, èyí tó tẹ̀ wọnú nìkan ni agbára skúrù fà.

Ìbọn ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó. Ẹ yọ gbogbo ọta, ẹ yọ bóòtù tó ń ti ọta wọlé, kí ẹ fi ojú wo ihò ọta, kí ẹ sì fi ìka kàn án. Kí ọta kankan má ṣe wà lórí tábìlì tí ẹ ti fẹ́ ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ rí i pé òrùka bá ọ̀pá awò mu. Ìwọ̀n mẹ́ta ló wọ́pọ̀: íǹṣì kan (25.4 mm), 30 mm àti 34 mm. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òrùka 30 mm á fún awò íǹṣì kan bí ẹ bá fi nǹkan dí àlàfo rẹ̀, àfi tó bá jẹ́ ohun ìdí-àlàfo tí wọ́n dìídì ṣe fún un. Ti reèlì, irin tó ní ihò ìdábùú tí a ń de òrùka mọ́ lórí ìbọn, tún wà níbẹ̀. Ojú ihò reèlì Weaver fẹ̀ tó 4.6 mm, ti Picatinny fẹ̀ tó 5.2 mm. Òrùka Weaver sábà máa ń wọ Picatinny, ṣùgbọ́n ọ̀pá ìdábùú abẹ́ òrùka Picatinny kò lè wọ inú ihò Weaver, ẹni tó bá sì fi tipá gbá a wọlé á ba méjèèjì jẹ́. Ti gíga náà ṣe pàtàkì: kí ojú ńlá awò má ṣe fara kan irin agbá ìbọn. Bí àlàfo tó tó 3 mm bá wà níbẹ̀, ó dára. Agbá ìbọn máa ń gbọ̀n bí ìbọn bá dún, awò tó bá fara tì í á bó, ìbọn náà kò sì ní lu ojú kan mọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kánjú la dé yìí. Ẹ mú òwú díẹ̀, ẹ fi nu etí inú òrùka yípo, ti ìsàlẹ̀ àti ti ìdérí. Bí òwú bá kọ́ síbì kan, etí ibẹ̀ mú, yóò sì ha awò bó ti wù kí ẹ rọra gbé e sílẹ̀ tó. Ẹ wá sánpépà 600, ẹ wé e mọ́ igi róbótó, kí ẹ fi pa etí náà ní ìdagẹ̀rẹ̀, ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún péré. Etí nìkan ni o. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ikùn òrùka. Òrùka olówó pọ́ọ́kú ni èyí sábà máa ń bá, ṣùgbọ́n ti olówó gọbọi náà kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà míì.

Lẹ́yìn sánpépà, ìnù. Sípírítì tí wọ́n ń ta nílé oògùn ti tó. Ẹ fi aṣọ tí kì í já fọ́nrán nu ikùn òrùka, ìdérí rẹ̀, àwọn skúrù, ihò skúrù, reèlì, àti ọ̀pá awò níbi tí òrùka máa fún. Ẹ má ṣe lo tínà tàbí acetone sára awò, nítorí pé ó lè jẹ rọ́bà àti nọ́ńbà tí wọ́n kùn sí i. Ẹ sì má ṣe da sípírítì sórí gíláàsì. Bí ẹ bá ti nù ún tán, ẹ má fi ìka kan ibẹ̀ mọ́, torí òróró wà lára ìka gbogbo wa. Bí ọ́ìlì ìbọn bá kù sínú òrùka, awò á yọ̀. Bí ẹyọ iyanrìn kan bá sì kù, ẹ ti mọ iṣẹ́ tó máa ṣe.

Ẹ de reèlì mọ́ ìbọn. Skúrù reèlì nìkan ni àtè skúrù aláwọ̀ búlúù tọ́ sí, ẹ̀kán kan tó kéré bí orí abẹ́rẹ́. Íǹṣì-páùnù ni a fi ń wọn agbára tí a fi ń yí skúrù; nǹkan bí 20 íǹṣì-páùnù (2.3 Nm) ni wọ́n máa ń fi mú skúrù kékeré wọ̀nyẹn le, ṣùgbọ́n ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe reèlì yín ni aláṣẹ. Kí ẹ rí i pé skúrù iwájú kò gùn jù débi tí yóò fi yọ sínú ibi tí bóòtù ti ń rìn.

Bí ẹ bá gbé ìdajì ìsàlẹ̀ òrùka lé reèlì, ẹ tì í síwájú, síhà ẹnu ìbọn, títí ọ̀pá ìdábùú rẹ̀ yóò fi kan ògiri iwájú ihò reèlì, kí ẹ tó mú un le. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ìbọn bá ta sẹ́yìn, awò fẹ́ dúró síbi tó wà, nítorí náà òrùka á fẹ́ sáré síwájú lórí reèlì. Bí ó bá ti kan ògiri tẹ́lẹ̀, kò ní ibi tó ń sáré lọ. Agbára tí skúrù tó ń de òrùka mọ́ reèlì fẹ́ yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì: àwọn kan ní 30, àwọn kan dé 65 íǹṣì-páùnù.

Òrùka kan wà tó ti ba awò jẹ́ ju gbogbo ìyókù lọ: èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ inú ìjókòó òrùka tó wà níwájú lórí ìbọn, tí a wá ń yí ní ìdá mẹ́rin ìyípo kó lè há. Ohun tí a ń rí lójoojúmọ́, kódà nílé ìtajà ìbọn, ni pé wọ́n á de awò mọ́ ọn, wọ́n á sì fi awò yẹn gan-an yí i bí ẹni ń fi ọ̀pá yí ìdérí kànga. Awò kì í ṣe ọ̀pá ìyíǹkan! Òrùka yẹn le, ó fẹ́ agbára, etí rẹ̀ á jẹ awọ awò, ọ̀pá awò sì lè tẹ̀. Ọ̀pá igi tàbí irin tí ìwọ̀n rẹ̀ bá òrùka mu ni kí ẹ dì sínú rẹ̀, kí ẹ fi yí i títí á fi kọjú síwájú ṣánṣán. Ẹ fi gíríìsì díẹ̀ sí ẹsẹ̀ òrùka kí ẹ tó yí i, kí ẹ sì nu ikùn òrùka lẹ́yìn náà.

Ṣé òrùka méjèèjì wà lójú ìlà kan náà? Ẹ tẹ́ ọ̀pá irin tó gún régé, tí ìwọ̀n rẹ̀ bá òrùka mu, sínú méjèèjì láìfi ìdérí sí i. Bó bá jókòó jẹ́ẹ́, ó dára. Bó bá ń jó, tàbí tí iná tọ́ọ̀ṣì ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òrùka kan ga tàbí ó wọ́. Àwọn kan máa ń lọ̀ ọ́, wọ́n á fi péèsì irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì fi ń lọ fáàfù ẹ́ńjìnì pa ọ̀pá irin náà, wọ́n á máa tì í síwá-sẹ́yìn títí ibi tó ń dán nínú òrùka á fi tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹni tó bá lọ̀ ọ́ kọjá ibẹ̀ á mú kí inú òrùka fẹ̀ jù, kò sì ní lè fún awò mọ́. Péèsì tó bá kù sínú ihò skúrù á sì jáde wá ha awò lọ́jọ́ míì. Òrùka tó pín sí apá òsì àti ọ̀tún, tàbí èyí tó ní ike nínú bíi Burris Signature, a kì í lọ̀ ọ́ rárá. Lójú tiwa, bí òrùka bá wọ́ débi tó fi nílò lílọ̀ púpọ̀, ẹ dá a padà, kí ẹ ra òmíràn. Òrùka tí ike rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀ tẹ̀lé awò ni a fẹ́ràn jù fún ẹni tí ọ̀rọ̀ àpá lára awò bá ká lára, torí irin kò kan awò rárá.

Ó wá kan awò fúnra rẹ̀. Ẹ fi téèpù bébà tí àwọn akunlé ń lò yí ọ̀pá awò ká, ní ìta òrùka, lápá ibi tí etí òrùka máa dé. Ibí yìí ni téèpù wúlò, kì í ṣe inú òrùka: bí kọ́kọ́rọ́ bá yọ̀, téèpù ló máa gba ọgbẹ́. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé awò sọ̀kalẹ̀ ní gbọọrọ sínú òrùka. Bí kò bá wà níbi tí ẹ fẹ́, ẹ gbé e sókè, kí ẹ sì tún gbé e sílẹ̀. Ẹ má ṣe wọ́ ọ. Kí òrùka má ṣe kan àpótí àárín awò tí àwọn kókó ìtúnṣe wà, kó má sì gun ibi tí ọ̀pá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. Àlàfo 3 mm kò pọ̀ jù.

Ẹ gbé ìdérí lé e, kí ẹ fi skúrù sí i débi tí awò kò fi ní ṣubú, tí bébà kan ṣì lè kọjá láàrin ìdérí àti ọ̀pá. Ẹ gbé ìbọn sí èjìká bí ẹ ṣe máa gbé e nínú igbó, pẹ̀lú irú aṣọ tí ẹ máa wọ̀, kí ẹ sì yí kókó tó ń sọ nǹkan di ńlá dé ibi tó pọ̀ jù lọ. Awò ráífù ọdẹ sábà máa ń fẹ́ kí ojú jìnnà sí i ní 9 sí 10 cm. Bó bá sún mọ́ jù, ìbọn á fi í lu yín lójú.

Yíyí awò kí àmì àgbélébùú inú rẹ̀ lè dúró ṣánṣán ni iṣẹ́ tó ń ha awò jù. Ẹ so irin mọ́ okùn bíi ti bíríkìlà, ẹ gbé e kọ́ sí nǹkan bí mítà 25, kí ẹ mú ìbọn dúró gbọọrọ, kí ẹ wá yí awò díẹ̀díẹ̀ títí ìlà inú rẹ̀ á fi bá okùn lọ. Ẹ fetí sílẹ̀, kí ọwọ́ yín náà sì máa gbọ́. Awò tó ń yí nínú òrùka tó mọ́, ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni ń yí gíláàsì nínú aṣọ. Bí ẹ bá gbọ́ kíríkírí kékeré, bí iyanrìn lábẹ́ ẹsẹ̀ orí símẹ́ǹtì, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ tú ìdérí, ẹ gbé awò jáde, ẹ tún un nù. Ìyípo kan sí i pẹ̀lú iyanrìn yẹn, àpá ti wà níbẹ̀ títí láé.

Bí skúrù bá ń le lọ́wọ́ kan ju èkejì lọ, awò á máa yí tẹ̀lé e. Nítorí náà ẹ máa lọ ní ìdàkejì: ọ̀tún iwájú, òsì ẹ̀yìn, òsì iwájú, ọ̀tún ẹ̀yìn, ìdá mẹ́jọ ìyípo lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì máa wo àlàfo tó wà láàrin ìdérí àti ìsàlẹ̀ òrùka kí ó rí bákan náà ní ọ̀tún àti òsì. Fún òrùka alumíníọ̀mù, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe awò ní kí a má kọjá 15 sí 18 íǹṣì-páùnù, ìyẹn 1.7 sí 2.0 Nm. Kékeré ni, ó kéré ju bí ọwọ́ ọkùnrin ṣe rò lọ. Lórí kọ́kọ́rọ́ L tí apá rẹ̀ gùn ní 75 mm, bí ìka yín bá tẹ̀ ẹ́ bí ìwúwo kìlógírámù 2.7 péré, 2 Nm ti pé. Ẹni tó bá wá fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ fà á ń kọ́? Sípánà tó ń ka agbára ni kí ẹ rà. Ẹni tí kò bá ní i, kó fi apá gígùn kọ́kọ́rọ́ sínú skúrù, kó fi ìka méjì yí apá kúkúrú, èyí kò ní jẹ́ kí agbára rẹ̀ pọ̀ jù.

Kí ẹ má sì fi àtè tàbí ọ́ìlì sí skúrù ìdérí. Bí ojú skúrù bá ń yọ̀, sípánà á máa ka 18, ṣùgbọ́n bí òrùka ṣe ń fún awò á ti ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀pá kékeré mìíràn wà nínú ọ̀pá awò, òun ló gbé àmì àgbélébùú, òun ló sì ń sún bí ẹ bá yí kókó ìtúnṣe. Bí òrùka bá fún ọ̀pá òde débi tó fi tẹ̀, ti inú á há. Ẹ ó yí kókó ní ìgbà mẹ́rin, ibi tí ọta ń bà kò ní sún. Ẹ ó yìnbọn lẹ́ẹ̀kan sí i, gbogbo rẹ̀ á fò lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó sì máa bú awò tí kò ṣẹ̀ yín. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Fún àwọn tó ń lo ìbọn atẹ́gùn, ìlà gbígbẹ́ méjì tó jìnnà síra ní 11 mm ló wọ́pọ̀ lórí tiyín, kì í ṣe reèlì. Ìbọn onísipíríǹgì sì yàtọ̀: ó kọ́kọ́ ń ta sẹ́yìn, ó sì tún ń já síwájú bí písítìnì rẹ̀ bá gúnlẹ̀, awò wá ń fẹ́ rìn padà síhà ojú yín. Òrùka tó ní pínnì ìdádúró ni kí ẹ lò, kí pínnì náà sì wọ inú ihò tó wà lórí ìbọn. Kí ẹ bèèrè pé ṣé wọ́n ṣe awò náà fún sipíríǹgì. Ẹ̀yin tó wà ní Scotland, ẹ rántí pé láti 31 oṣù Kejìlá 2016 ni ọ̀pọ̀ ìbọn atẹ́gùn ti nílò ìwé ẹ̀rí níbẹ̀. Ní Nàìjíríà, ìbọn ṣakabùlà tí ọ̀pọ̀ ọdẹ ń gbé kò ní ibi tí a ń de awò sí, ẹni tó bá sì fẹ́ ní ráífù ọdẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ.

Bí ẹ bá fẹ́ yọ awò, ẹ tú skúrù díẹ̀díẹ̀ ní ìdàkejì bí ẹ ṣe mú un le, kí ìdérí lè dìde déédéé. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi ìdí sikudíráfà oníke gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́. Ẹ má ṣe fi ẹnu rẹ̀ wú u. Àpá tó bá sì ti wà níbẹ̀, oògùn adí-alumíníọ̀mù-dúdú bíi Aluminum Black ti Birchwood Casey á bò ó débi tí ojú kò fi ní tètè rí i, tí ẹ bá nu òróró kúrò níbẹ̀ dáadáa kó tó kàn án. Ṣùgbọ́n àwọ̀ nìkan ló ń dá padà, èèpo líle ti lọ.

Lẹ́yìn ọta 20 àkọ́kọ́, ẹ tún fi sípánà wo gbogbo skúrù náà. Kí ẹ tó lọ yìn ín, ẹ lẹ téèpù bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ọ̀pá awò, kó kan etí iwájú òrùka. Fún ìbọn onísipíríǹgì, etí ẹ̀yìn ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ sí. Bí ẹ bá padà dé, tí àlàfo ti yọ láàrin téèpù àti òrùka, awò ti yọ̀ nìyẹn. Ẹ má ṣe kàn mú skúrù le sí i. Ẹ tú u, kí ẹ padà sí ibi ìnù.

Àwa ni tiyín,
Àwọn ọdẹ tó ń ka ìwé ìròyìn yín ní Houston, Texas